Nígbà Tí Ọmọ Bá Padà sí Kíláàsì: Ojúṣe Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí Ẹbí ní Òpin Ẹ̀kọ́ Láti Ilé

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gbọ́rọ̀ yìí, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ tí a fi rán mi ni kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe lè dúró ti ẹbí nígbà tí ẹ̀kọ́ láti ilé bá ń parí, tí àwọn ọmọ sì ń padà sí kíláàsì. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò dáadáa: ọjọ́ tí ọmọ padà wọ ilé-ìwé kọ́ ni wàhálà ẹ̀kọ́ láti ilé tán. Púpọ̀ nínú ohun tí ọmọ pàdánù, ẹ̀yìn ìgbà tí ó padà wọlé ni ó ń pàdánù rẹ̀, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ṣe bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹbí tí ó bá rí olùrànlọ́wọ́ ní àkókò náà gan-an ni ó sábà máa ń yọ ọmọ rẹ̀ nínú àdánù yìí. Mo fẹ́ fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ná, kí n tó sọ ohun tí mo gbà pé ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn COVID-19 ti di àjàkálẹ̀ tó kárí ayé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àjọ UNESCO, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, ṣírò rẹ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé wọn wà ní títì ti lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 190. Wéré ni ilé-ìwé tì, ṣùgbọ́n ṣíṣí rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Denmark ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ kéékèèké padà ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún náà, nígbà tí ó jẹ́ pé oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni gbogbo ilé-ìwé tó ṣí pátápátá ní Uganda. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, àwọn ilé-ìwé kan ṣí, wọ́n tún tì, wọ́n tún ṣí. Àwọn mìíràn pín ọmọ sí ìsọ̀rí méjì, tí ìsọ̀rí kan ń wá lónìí tí èkejì ń kàwé nílé, tí ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta kò sì mọ ẹni tí yóò wọ aṣọ ilé-ìwé lọ́la. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé ẹ̀kọ́ láti ilé parí, kì í ṣe ọjọ́ kan ni a ń sọ. Oṣù púpọ̀ ni, àwọn ẹbí ni wọ́n sì fi èjìká ru èyí tó pọ̀ jù nínú àìdánilójú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí, tí kò tún ní í kàn wá mọ́. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1937, wọ́n sún ìwọlé ilé-ìwé síwájú, àwọn olùkọ́ sì ń kọ́ ọmọ lórí rédíò. Ní ọdún 2014 sí 2015, àrùn Ebola ti ilé-ìwé pa fún oṣù púpọ̀ ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone, ẹ̀kọ́ orí rédíò ni wọ́n sì tún sá tọ̀. Ìkún omi, ìjì, ilẹ̀ mímì, ogun àti ooru tó kọjá agbára ń ti ilé-ìwé níbi kan tàbí òmíràn lọ́dọọdún. Bí a ṣe máa ń padà bọ̀ láti inú irú nǹkan báyìí yẹ kó jẹ́ ìmọ̀ tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní lọ́wọ́.

Ẹ̀rí tí mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ ti inú àjàkálẹ̀ àrùn wá. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ilẹ̀ mì tìtì ní àríwá Pakistan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ilé wó, àwọn ilé-ìwé tó wà nítòsí ibi tí ilẹ̀ ti là sì wà ní títì fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àwọn olùwádìí lọ dán àwọn ọmọ agbègbè náà wò. Nígbà náà, owó ìrànwọ́ ti dé, àwọn ẹbí ti tún ilé wọn kọ́, àwọn ọmọ sì ti padà sí ilé-ìwé tipẹ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń gbé nítòsí ibi tí ilẹ̀ ti là fi ohun tó ju ọdún ẹ̀kọ́ kan lọ wà lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń gbé níbi tó jìnnà sí i. Ẹ bá mi wo ìṣirò náà. Oṣù mẹ́ta tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi jókòó sílé, ṣùgbọ́n ohun tó ju ọdún kan lọ ni wọ́n fi wà lẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta kò lè di ọdún kan, àfi bí ọmọ náà bá ṣì ń pàdánù lẹ́yìn tí ó ti padà wọlé, tí ó ń jókòó síwájú olùkọ́ lójoojúmọ́.

Báwo ni irú èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀? Olùkọ́ tó padà sí kíláàsì bá ìwé kíláàsì náà lórí tábìlì, ó sì mọ̀ pé wọn yóò bi òun léèrè bóyá òun ka ìwé náà tán kí ọdún tó parí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé tó yẹ kí wọ́n wà ní oṣù yẹn. Ọmọ tí kò sí nílé-ìwé nígbà tí àwọn yòókù ń kọ́ ipò ẹyọ àti ipò ẹ̀wá, kò lè ṣe àyọkúrò tó ní yíyá. Ẹni tí kò mọ àyọkúrò, yóò kàn máa wo olùkọ́ lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá dé orí pínpín. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀kọ́ ń lọ síwájú, ojoojúmọ́ ni àlàfo náà sì ń fẹ̀, láìsí pé ẹnì kan ṣe ohun tó burú. Olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ọmọ ń wá, òbí sì ń rí i pé ọmọ ń wọ aṣọ lọ sílé-ìwé láràárọ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Apá kejì wà nínú ìwádìí Pakistan yẹn, apá náà ni ó mú kí n gbà láti wá sọ̀rọ̀ lónìí. Àwọn ọmọ kan wà nítòsí ibi tí ilẹ̀ ti là gan-an tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí àdánù kankan lára wọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ka ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ parí, ó kéré tán, ni wọ́n. Kò pọn dandan kí àwọn ìyá náà jẹ́ olùkọ́ tàbí ọlọ́rọ̀. Ilé-ìwé kan náà ni ọmọ wọn àti ọmọ aládùúgbò wọn jọ padà sí. Èrò tèmi ni pé ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ ni pé wọ́n lè wo ìwé ọmọ kí wọ́n sì rí i pé nǹkan kan kù, wọ́n lè bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, wọ́n sì lè fi alẹ́ díẹ̀ dí àlàfo kékeré kí ó tó di ńlá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Netherlands lẹ́yìn ìgbà tí ilé-ìwé wọn tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ní ọdún 2020 tọ́ka sí ibi kan náà. Ní orílẹ̀-èdè tí íntánẹ́ẹ̀tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú gbogbo ilé, àwọn ọmọ kò rí ohun tó pọ̀ kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà, àdánù náà sì le jù níbi tí àwọn òbí kò ti kàwé púpọ̀.

Ẹnì kan lè gbọ́ èyí kó sọ pé òbí tí kò kàwé ló fa àdánù ọmọ rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, mo sì fẹ́ kí á ti ìlẹ̀kùn èrò náà kí a tó tẹ̀síwájú. Ohun tí ẹ̀rí náà ń sọ ni pé ẹni tó ń wo ẹ̀kọ́ ọmọ láti inú ilé ṣe pàtàkì púpọ̀ ní àkókò ìpadàbọ̀, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ ti ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ìyá tó bá ṣẹlẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fún gbogbo ẹbí ní ojú tí wọn yóò fi rí ohun tó kù àti ẹnu tí wọn yóò fi bèèrè rẹ̀, àǹfààní náà yóò kúrò lọ́wọ́ àwọn díẹ̀, yóò sì kárí gbogbo ọmọ. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni èyí.

Ibo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀? Mo ní kí á bẹ̀rẹ̀ kí ilé-ìwé tó ṣí, láti orí fóònù. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan pe ẹbí kọ̀ọ̀kan tó wà nínú kíláàsì rẹ̀, kí ó bá àgbà tó ń tọ́jú ọmọ náà sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí ó ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní fóònù. Kì í ṣe ìpè ìkéde ni mo ń sọ. Ìpè ìbéèrè ni. Ta ni ó ń gbé pẹ̀lú ọmọ báyìí? Ṣé àdírẹ́sì yín ṣì ni ti tẹ́lẹ̀? Ṣé ẹ pàdánù ẹnì kan? Báwo ni ẹ̀kọ́ ṣe lọ sí nígbà tí a wà nílé, ṣé ó tilẹ̀ rí rédíò tàbí fóònù lò, àbí àwọn ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń lò ó? Kí ló ń bà yín lẹ́rù nípa kí ó padà wá? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àjọ UNICEF sọ pé ó kéré tán, mílíọ̀nù 463 ọmọ ni ẹ̀kọ́ orí rédíò, amóhùnmáwòrán àti íntánẹ́ẹ̀tì kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Olùkọ́ tó bá rò pé gbogbo ọmọ ló gbọ́ ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ lórí afẹ́fẹ́ yóò ṣe àṣìṣe láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ìpè kan péré ni ìbá sì jẹ́ kó mọ òtítọ́.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Olùkọ́ tó ní ogójì ọmọ nínú kíláàsì ní ogójì ìpè láti ṣe, àwọn nọ́ńbà kan kò sì ní í lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n pèsè owó ìpè, kí wọ́n sì yọ ọjọ́ mélòó kan sọ́tọ̀ fún un nínú ọ̀sẹ̀ ìmúrasílẹ̀, kí wọ́n dín ìpàdé àti ìwé kíkọ kù. Èyí tí fóònù kò bá dé, kí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ dé ibẹ̀. Ọmọ tí a kò lè rí ẹbí rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ gan-an ni ó ṣeé ṣe kí ó má padà wá: bóyá wọ́n ti kó lọ síbòmíràn, bóyá ó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, bóyá ó ń tọ́jú àbúrò. Bí a bá dúró títí di ọ̀sẹ̀ kẹta kí a tó bi ara wa léèrè pé lágbájá dà, a ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìfitónilétí tẹ̀ lé e. Kí ó kúrú, kí ó jẹ́ ní èdè tí ẹbí ń sọ nínú ilé, kí wọ́n sì ka ohun kan náà sórí fóònù gẹ́gẹ́ bí ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún àwọn tí kì í kàwé. Kí ó sọ ọjọ́ ìwọlé, aago tí wọ́n ń wọlé àti aago tí wọ́n ń jáde, ohun tí ọmọ yóò mú lọ́wọ́, ohun tí wọn yóò ṣe bí ara ọmọ bá gbóná, àti orúkọ ẹnì kan pàtó tí wọ́n lè pè. Èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá tíì mọ̀, kí ó sọ pé òun kò tíì mọ̀ ọ́n, kí ó sì dá ọjọ́ tí yóò sọ ọ́. Àwọn òbí fara da ọ̀pọ̀ nǹkan ní àkókò kónílé-ó-gbélé, ṣùgbọ́n ohun tó tán sùúrù wọn jù ni kí a fi àṣẹ kan rán wọn lánàá, kí a sì yí i padà lónìí láìsọ ìdí rẹ̀.

Ní ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ tó kéré jù ni kí á kọ́kọ́ rò. Ọmọ kan wà tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé wà ní títì. Olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ ohùn tàbí àwòrán fún un. Kò tò sórí ìlà rí, kò mọ bí a ṣe ń nawọ́ sókè kí a tó sọ̀rọ̀, kò mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ fún wákàtí márùn-ún rí láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń sunkún lẹ́nu géètì, kì í ṣe ìkẹ́kùkẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe yóò pe àwọn ẹbí wọ̀nyí wá wo kíláàsì kí ọjọ́ ìwọlé tó pé. Wọn yóò gbà kí ọmọ lo wákàtí díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn yóò sì kọ́ òbí bí a ṣe ń dágbére: kí ó kúrú, kí ó jẹ́ òtítọ́, kí ó sì sọ ìgbà tí yóò padà wá mú un. Òbí tó yọ́ lọ nígbà tí ọmọ kò wo ẹ̀yìn ń jẹ́ kí ọmọ náà di òun mú gírígírí ní ọ̀la. A sì gbọ́dọ̀ sọ fún òbí tẹ́lẹ̀ pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí wọ́n má baà rò pé ọmọ wọn nìkan ló rí bẹ́ẹ̀.

Oorun pẹ̀lú jẹ́ ọ̀ràn tí a máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ọmọ tó ti ń sùn nígbà tó bá wù ú fún oṣù mẹ́fà kò lè jí ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé kó sì gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí. Kí ilé-ẹ̀kọ́ bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ fa àkókò oorun náà padà láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sí ìwọlé, kí wọ́n sì gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Ìmọ̀ràn kékeré ni, ó sì ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìjìyà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Wàyí o, mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí bí a ṣe ń mọ ibi tí ọmọ dé nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti bí a ṣe ń sọ ọ́ fún òbí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà wà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí ara ọmọ bá ti balẹ̀, kí olùkọ́ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Kí ọmọ ka lẹ́tà, kí ó ka ọ̀rọ̀, kí ó ka gbólóhùn, kí ó ka ìtàn kékeré, kí olùkọ́ sì kọ ibi tí ó dúró sí sílẹ̀. Kí ó dá nọ́ńbà mọ̀, kí ó ṣe àròpọ̀, kí ó ṣe àyọkúrò, bákan náà. Kì í ṣe ìdánwò tí a ń fi ẹ̀rù pa ọmọ, wọn kò sì gbọdọ̀ fún un ní máàkì. Irú àyẹ̀wò báyìí ni Pratham, ẹgbẹ́ kan tó ń ran ẹ̀kọ́ ọmọdé lọ́wọ́ ní India, ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ jọ fún wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́ ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè ṣe, láìwo ọjọ́ orí tàbí kíláàsì wọn. Ọmọ kíláàsì karùn-ún tó ṣì ń tiraka pẹ̀lú gbólóhùn á jókòó pẹ̀lú ọmọ kíláàsì kẹta tó wà níbẹ̀, wọn á jọ kọ́ ọ, wọn á sì jọ kúrò níbẹ̀. Ìlànà yìí ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu gan-an lẹ́yìn ìgbà tí ilé-ìwé bá ti wà ní títì. Báńkì Àgbáyé àti àwọn àjọ tó bá a ṣiṣẹ́ fojú díwọ̀n rẹ̀ ní ọdún 2022 pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí 70 ni kò lè ka ìtàn kékeré kó sì yé wọn. Wọ́n ti tó 57 kí àjàkálẹ̀ àrùn náà tó dé. Bí kíláàsì ṣe rí nìyẹn, a kò sì lè máa kọ́ wọn bí ẹni pé ibì kan náà ni gbogbo wọn wà.

Nígbà tí olùkọ́ bá ti mọ ibi tí ọmọ wà, kí ó pe òbí. Mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe sọ fún òbí pé ọmọ rẹ̀ ti di ẹni ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ìtìjú nìkan ni ó ń kó bá a, òbí tí ojú bá sì tì kì í padà wá sí ilé-ìwé. Ẹ sọ fún un pé ọmọ náà mọ gbogbo lẹ́tà, ó ń ka ọ̀rọ̀ kéékèèké, ohun tó kàn ni kí ó máa ka gbólóhùn, olùkọ́ yóò sì ṣe èyí pẹ̀lú rẹ̀ nílé-ìwé láàrin oṣù méjì yìí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fún un ní ohun kan ṣoṣo láti ṣe nílé, ohun tí ẹni tí kò kàwé pẹ̀lú lè ṣe: kí ọmọ ka ojú ìwé kan sókè lálẹ́ nígbà tí àgbà kan jókòó tì í, kí àgbà náà sì ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kà. Àgbà náà kò nílò láti mọ ìwé kó tó mọ̀ bóyá ìtàn náà ní orí ní ìdí. Bí ọmọ bá dákẹ́ níbì kan, kí wọ́n fi àmì síbẹ̀ kí olùkọ́ rí i lọ́la.

Àwọn kan yóò ní òbí kò ní àyè. Ìdáhùn mi wá láti Botswana. Nígbà tí ilé-ìwé tì níbẹ̀ ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ń fi ìṣirò ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí kan nípasẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ẹbí mìíràn gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà pẹ̀lú ìpè orí fóònù, tí olùkọ́ fi ń bá òbí àti ọmọ ṣe ìṣirò náà fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Fóònù lásán tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n lò. Àwọn ọmọ tí wọ́n pè mọ ìṣirò sí i ní kedere, nígbà tí àwọn tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò jèrè tó wọn. Àwọn òbí náà kò ní àyè ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbé fóònù wọn nítorí pé ẹnì kan pè wọ́n. Ìbànújẹ́ ọkàn ni ó jẹ́ fún mi pé púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ bí a ṣe ń bá òbí sọ̀rọ̀ ní àkókò tó le yẹn ju gbogbo rẹ̀ nù ní ọjọ́ tí kíláàsì ṣí. Àwọn ẹgbẹ́ tí olùkọ́ àti òbí fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù dákẹ́, ìpè dúró, òbí sì padà di ẹni tí à ń rí lẹ́ẹ̀kan ní sáà kan. Ẹ jẹ́ kí ìpè kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì máa tẹ̀síwájú, ó kéré tán fún àwọn ọmọ tí àlàfo wọn fẹ̀ jù.

Nípa pípa ilé-ìwé jẹ, ohun tí a rí lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn yìí ya ni lẹ́nu púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ka ọmọ tó bá pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjọ́ ilé-ìwé sí ẹni tí àìwá rẹ̀ ti di ìṣòro. Ṣáájú àrùn náà, nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ni irú wọn. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2021 sí 2022, wọ́n ti tó nǹkan bí ìdá 28, ilé-ìwé sì ti ṣí nígbà náà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá kì í ṣe ohun tí òbí ń rí, nítorí ọjọ́ méjì péré lóṣù ni. Kónílé-ó-gbélé ti kọ́ àwọn ẹbí pé ọmọ lè jókòó sílé kí ayé má parẹ́, wọ́n sì ti gbọ́ pé kí wọ́n má mú ọmọ wá bí imú rẹ̀ bá ń ṣe omi. Nítorí náà, kí ilé-ẹ̀kọ́ sọ ọ́ ní kedere irú àìsàn tí ó yẹ kí ó dá ọmọ dúró sílé àti irú èyí tí kò yẹ. Bí ọmọ kò bá wá, kí ìpè jáde lọ́jọ́ náà gan-an, ìpè tó ń béèrè àlàáfíà kó tó béèrè ìdí. Àkọsílẹ̀ tí a kò wò títí sáà yóò fi parí kò ràn ọmọ kankan lọ́wọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì fẹ́ máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ tó ń ṣàìsàn, ó dára, ṣùgbọ́n kí ẹbí mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò rọ́pò kíláàsì mọ́.

Àwọn ọmọ kan wà tí ìpadàbọ̀ yìí kàn lọ́nà tó yàtọ̀. Àwọn tí oúnjẹ ọ̀sán ilé-ìwé jẹ́ oúnjẹ gidi kan ṣoṣo tí wọ́n ń jẹ lóòjọ́ pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Nígbà tí ilé-ìwé tì ní ọdún 2020, àwọn ọmọ tó pàdánù oúnjẹ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé tó nǹkan bí mílíọ̀nù 370. Fún wọn, kí ilé ìdáná ilé-ìwé ṣí ní ọjọ́ kan náà tí kíláàsì ṣí. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí ilé sàn fún ju kíláàsì lọ: ọmọ tí ariwo ń dà láàmú, ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ tí kì í gbọ́rọ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tó lè mú ohùn fóònù ròkè bó ṣe wù ú. Kí a bi ẹbí wọn léèrè ohun tó ràn án lọ́wọ́ nílé, kí a sì wá bí a ó ṣe mú díẹ̀ nínú rẹ̀ wọ kíláàsì. Ní ti ọmọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kí gbogbo olùkọ́ rẹ̀ ti mọ̀ kó tó dé, kí ẹnikẹ́ni má baà ní kó lọ pe òbí tí kò sí láyé mọ́ wá.

Kọ̀ǹpútà àti fóònù tí ilé-ẹ̀kọ́ yá àwọn ẹbí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ gbà á padà ní ìrọ̀rùn, ẹ má fi èyí tó bàjẹ́ dá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo tún ń ro àwọn olùkọ́. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òbí pẹ̀lú, wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí fóònù nígbà tí ọmọ tiwọn ń sunkún ní yàrá kejì. A kò lè ní kí wọ́n ṣe ìpè, àyẹ̀wò àti ìpínsísọ̀rí, kí a tún ní kí wọ́n ka ìwé kíláàsì náà tán gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Ohun kan gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ni ó sì yẹ kí wọ́n mú un kúrò: kí wọ́n sọ àwọn orí ẹ̀kọ́ tí a lè fò ní ọdún ìpadàbọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí olùkọ́ má baà máa bẹ̀rù ẹni tí yóò wá wo ìwé rẹ̀.

Èyí tó kù ni ìwé àkọsílẹ̀. Ẹbí kọ̀ọ̀kan nílò ojú ewé kan ní ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́: nọ́ńbà fóònù méjì, ó kéré tán, orúkọ àgbà tó ń gbé fóònù náà gan-an, aago tí wọ́n ń rí àyè, èdè tí wọ́n fẹ́, ohun tí ọmọ lò láti fi kàwé nígbà tí ilé-ìwé tì, ibi tí ó dúró sí nínú ìwé kíkà àti ìṣirò nígbà tí ó padà wọlé, àti ibi tí ó dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kí wọ́n máa tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, nítorí nọ́ńbà ń yí padà, ẹbí sì ń kó lọ kó bọ̀. Bí ilé-ìwé bá tún tì, ìwé yìí ni olùkọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìpè rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Bí kò bá sì tì, òun kan náà ni yóò sọ fún wa, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, orúkọ àwọn ọmọ tí a ṣì gbọ́dọ̀ pe òbí wọn.